Àwọn Orúkọ Tó Nù Nínú Igbó Àpótí

Ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ tẹnu mi, ẹ má jókòó bí ẹni tí yóò dìde láìpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó tètè rín in báyìí, nítorí ibi tí ìtàn yìí ń lọ, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ọdẹ́kúnlé, èmi tí erin gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi tó gbàgbé ọ̀nà odò, èmi tí ẹkùn rí tó ń ṣe bí ẹni pé nǹkan òun ló sọnù sílẹ̀ tí òun ń wá, mo ti wọ igbó tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Mo wọ̀ ọ́, mo ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí níbẹ̀, gbogbo ilé tó wà nílùú yìí ló sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ojú mi dáadáa. Ojú ẹni tó ṣẹ́gun kọ́ lẹ rí yẹn.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé Igbó Àpótí fún ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wà ní ìrìn àjò, tó sì fẹ́ bá ará ilé sọ̀rọ̀, ewé gbòdògì kan ni yóò já. Yóò pe orúkọ ẹni tó ń ránṣẹ́ sí àti orúkọ ìlú sínú ewé náà, yóò sọ ohun tó fẹ́ sọ, yóò ká a, yóò sì nà án sókè. Lékeléke tó bá kọ́kọ́ ń kọjá ni yóò gbà á, inú Igbó Àpótí ni yóò gbé e lọ. Níbẹ̀, olúkúlùkù wa ló ní àpótí tirẹ̀ tí a kàn mọ́ ara igi, a sì ti sọ gbogbo àdírẹ́sì olúwa rẹ̀ sínú àpótí náà, orúkọ àbísọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, àti orúkọ yòówù tí ayé bá ń pè é. Èyíkéyìí tí ẹni tó ń ránṣẹ́ bá mú nínú wọn, ọ̀rọ̀ á délé, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ewé bá ti bọ́ sínú àpótí rẹ báyìí, etí rẹ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọ nílé, wàá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ketekete, bí ẹni pé ẹni tó sọ ọ́ jókòó tì ọ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é.

Ahéré-Ọdẹ ni ìlú wa ń jẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí ọba tuntun gorí oyè, ó ní òun kò lè jọba lórí ahéré, pé láti ọjọ́ náà lọ, Ilé-Ọlá ni kí gbogbo ayé máa pè wá. A ní kò burú. Ṣùgbọ́n àpótí tó wà nínú igbó ńkọ́, tí ó jẹ́ pé Ahéré-Ọdẹ ló wà nínú gbogbo wọn? Bí a bá ní kí ènìyàn máa gun igi kọ̀ọ̀kan láti tún un sọ, ọmọ rẹ̀ á dàgbà, á fẹ́yàwó, bàbá kò ní tíì sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ni ọba àti àwọn baálé ṣe rán Láoṣebíkan, ọdẹ tó gbó jù mí lọ, sí Òkúta Àṣẹ tó wà ní àárín gbùngbùn igbó náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ènìyàn ń sọ fún Òkúta yìí, gbogbo àpótí ni yóò sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà kí o tó ṣẹ́jú. Láoṣebíkan lọ, ó sọ gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ, ó padà dé, wọ́n sì wọ ẹ̀wù oyè fún un.

N kò sí nílé nígbà náà. Erin ni mo tẹ̀ lé lọ sí igbó òkè réré, òjò sì sé mi mọ́bẹ̀. Kí n tó lọ ni Àyìnkẹ́ aya mi ti gba ọ̀nà ìlú ìyá rẹ̀ lọ ní òdìkejì odò, nítorí ara ìyá arúgbó náà kò yá. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ń lọ sí, òun á máa ránṣẹ́ sí Ọdẹ́bùnmi, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣọ́ ilé, kí ó máa wí fún mi. Nígbà tí mo padà dé, mo béèrè lọ́wọ́ Ọdẹ́bùnmi. Ó ní etí òun kò yún òun rí láti ọjọ́ tí Àyìnkẹ́ ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Àwọn kan ní àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyàwó ọdẹ ti rí ẹni tó ń sùn sílé. Ìgbéraga ọkùnrin kò sì jẹ́ kí n sọdá odò lọ wò ó. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo wá ń ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ilé mi nìkan, pé ọ̀pọ̀ agbolé ló ń ráhùn ìyàwó tó lọ ìrìn àjò tí kò fọhùn. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ní èmi fúnra mi ni yóò lọ wo Igbó Àpótí, kí n lè mọ̀ bóyá Àyìnkẹ́ ránṣẹ́ sí mi tàbí kò ránṣẹ́.

Ẹnu ọ̀nà igbó náà ni mo ti pàdé Abarakìkìetí. Ẹ̀dá yìí kò ní ojú, kò ní imú, etí ni láti àtàrí dé gìgísẹ̀, àwọn kan fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àwọn kan kéré bí ẹ̀wà, gbogbo wọn sì ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ bí mo ṣe ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè. Mo kì ara mi fún un, mo ka bàbá mi àti bàbá bàbá mi, mo sọ iye erin tí mo ti pa. Ó ní òun gbọ́, pé òun gbọ́ jù bí mo ṣe sọ ọ́ lọ, pé erin méjì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo pa wọ́n. Ojú tì mí díẹ̀. Ó wá bi mí pé, kí ni a fún ọmọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí àwọn ìyàwó ilé bàbá rẹ̀ kò jẹ́ fi ẹnu kàn títí ilẹ̀ fi bò ó? Mo ronú, mo ní oyin ni, oyin tí a fi ń sọmọ lórúkọ. Kò tíì jẹ́ kí n pa ẹnu dé tó fi kó gbogbo etí wọ̀nyí dì mọ́ mi, wọ́n tutù, wọ́n ń rọ́ mi ní egungun bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀. Mo rò pé ó tán. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ là ń fi gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ṣùgbọ́n orí bá mi ṣe é, mo rántí pé ẹni tó fi etí ṣe gbogbo ara ní ibi tí ó ti lè dùn ún. Mo yin ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀dá náà ṣubú, ó ń yí nílẹ̀, kò sí etí kan lára rẹ̀ tí kò di. Mo fò ó kọjá, mo sá wọnú igbó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbó náà bà mí nínú jẹ́ kí n tó rí ohunkóhun. Àpótí ni lára gbogbo igi, láti ìdí dé ṣóńṣó, àwọn kan tuntun, àwọn kan tí olúwa wọn ti kú tí aláǹtakùn ti ń gbé inú wọn, kò sì sí ariwo kankan àfi ìró ìyẹ́ lékeléke. Ní àárín wọn ni mo ti rí òkìtì ewé kan tó ga ju òrùlé ààfin lọ. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn. Bí lékeléke kan bá fò yí àwọn igi ká tí kò rí àpótí tó gba ewé ẹnu rẹ̀, orí òkìtì yìí ni yóò jù ú sí. Ìyá àgbà kan jókòó ní ìdí rẹ̀, koríko ti hù bo èjìká rẹ̀, apá rẹ̀ gùn bí ọparun. Yóò mú ewé kan, yóò fi sí etí, yóò gbọ́ ọ tán, omi á dà lójú rẹ̀, yóò sì gbé e sílẹ̀ mú òmíràn. Agbàṣìnà lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò rí gbọ́, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní tìtorí aya mi Àyìnkẹ́ ni mo ṣe wá, pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ránṣẹ́.

Ó ní, "Ó ránṣẹ́, ọmọ mi. Ìwọ ni o kò gbà á."

Ó na apá gígùn yẹn sínú òkìtì, ó yọ ewé mẹ́ta fún mi. Mo fi àkọ́kọ́ sí etí. Ohùn Àyìnkẹ́ jáde, ohùn tí mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Eyínfúnjowó ọkọ mi, ní Ahéré-Ọdẹ. Ara ìyá mi kò le. Ẹ bá mi sọ fún olówó orí mi pé n kò lè tètè dé." Mo mú ìkejì. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ìyá mi kú lánàá. Ẹ bá mi wá olówó orí mi lọ sí ibikíbi tó bá wà, kí ó wá bá mi sin ín." Ìkẹta kò gùn rárá. Ó ní wọ́n ti sin ín, pé àyè àwọn ará ilé ọkọ òun nìkan ló ṣófo níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń bi òun léèrè, òun kò sì rí ohun tí òun máa wí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òkú àna jẹ́. Ọkọ tó bá ṣàìsí níbi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ìyàwó náà lójú láàárín ẹbí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún bí obìnrin, n kò sì tijú láti sọ ọ́ fún yín.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo bi Agbàṣìnà pé kí ló dé tí ewé wọ̀nyí kò fi dé àpótí Ọdẹ́bùnmi. Ó ní ta ni Eyínfúnjowó? Mo ní Ọdẹ́bùnmi náà ni, orúkọ tí ìyàwó mi sọ ọ́ nítorí eyín rẹ̀ funfun. Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà yé mi, ìdáhùn ìbéèrè Abarakìkìetí sì yé mi pẹ̀lú: orúkọ àbísọ ni. Ìyàwó ilé wo ló ń fi ẹnu rẹ̀ kan orúkọ àbísọ ará ilé ọkọ? Ọmọ tí a bí láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó wọlé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ni, yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é, Ìdílẹ̀kẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Awẹ́lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àwọn baálé tó jókòó kọ́ Láoṣebíkan ní gbólóhùn, ọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sí ìyàwó ilé kan láàárín wọn. Wọ́n ní kí Òkúta yọ ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ó fi orúkọ àbísọ olúwa rẹ̀ ní Ilé-Ọlá rọ́pò rẹ̀. Òkúta sì ṣe é bí wọ́n ṣe wí gẹ́lẹ́. Nínú ìlú odindi, gbogbo orúkọ tí àwọn ìyàwó ń pè wá ló parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, orúkọ ìlú tí wọ́n mọ̀ sì bá a lọ, kò sì sí ọkùnrin kan tó mọ̀ pé nǹkan sọnù.

Mo dìde. Mo ní kí ìyá jẹ́ kí n kọjá lọ sọ́dọ̀ Òkúta, kí n dá orúkọ àbúrò mi padà, kí n sì máa sáré lọ bá aya mi. Ó ní ọ̀nà Òkúta wà lẹ́yìn òun, pé òun kò ní yà fún ẹni tó fẹ́ tún ti ilé rẹ̀ nìkan ṣe. Ó ní kí n bá òun gbọ́ òkìtì náà tán, kí n kó gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ̀ sórí, kí n dá gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Bí mo ṣe jókòó tì í nìyẹn, tí à ń gbọ́ ewé. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo gbọ́. Òwò tó bàjẹ́, oyún tó wálẹ̀, àríyá ìkómọ tí wọ́n pe ènìyàn sí tí kò sí ẹni tó yọjú. Orí mi kún fún orúkọ ará ilé onílé.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí lékeléke kan fò yí àwọn igi ká, tó sì ju ewé tútù kan sílẹ̀ níwájú mi. Ohùn Àyìnkẹ́ ni. Ó ní, "Eyínfúnjowó, èyí ni mo sọ kẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá ẹnu mi dúró di ọjọ́ ọjà. Bí olówó orí mi kò bá tíì dé nígbà tí ọjà bá tú, mo ti gbọ́ èsì rẹ̀." Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí mo bá gbéra lójú ẹsẹ̀, màá bá ọjà náà. Mo gbé ìbọn mi nílẹ̀. Agbàṣìnà kò dí mi lọ́nà, ó ní ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ó kàn fi ewé kan sí mi létí bí mo ṣe ń dìde. Ohùn obìnrin kan ni, tí n kò mọ̀ rí. Ó ní, "Ìdílẹ̀kẹ̀ ọkọ mi, ọmọ yín tí ẹ ní kí n mú dání wá, ibà ń ṣe é, kò jẹun mọ́. Ẹ mú àgbo yẹn wá kíákíá." Ewé náà ṣì tutù. Àgbo náà ṣì lè bá ọmọ yẹn. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo tún jókòó.

Nígbà tí ó ku ewé tó ti jẹrà nìkan, Agbàṣìnà yà fún mi. Òkúta Àṣẹ dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn ìkòkò, kò sí ojú, kò sí ẹnu, kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré kan ṣoṣo ló wà lápá òsì rẹ̀ lókè, tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú, tó ń dúró de ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́, n kò bẹ̀rù ẹkùn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ yẹn. Àwa ènìyàn, bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òkúta kò mọ ìyẹn. Ohun tí o bá sọ ni yóò ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ, kò sì ní bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú. Mo sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ pupa jáde lára rẹ̀ pé kò mọ ohun tí mò ń wí. Mo tún un sọ, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ó tún pọ́n. Ìgbéraga mi rọ̀ níwájú òkúta.

Agbàṣìnà kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ ní kí ó fi hàn mí ná, kí ó má tíì ṣe é. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sì yọ lára rẹ̀ bí ojú àlá. Ọpẹ́ ni. Mo rí i pé mo ti fẹ́ fi orúkọ sínú àpótí àwọn òkú. Mo rí i pẹ̀lú pé Ìdílẹ̀kẹ̀ kún inú ìlú wa, pé bí mo bá fi orúkọ kan náà sínú àpótí ènìyàn púpọ̀, Òkúta yóò kọ̀ ọ́, ewé kò sì ní mọ ibi tí yóò wọ̀. Mo ní láti so orúkọ agbolé mọ́ ti olúkúlùkù, kí ó lè jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ ti agbolé Alágbẹ̀dẹ, Ìdílẹ̀kẹ̀ ti agbolé Onílù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé kọ̀ọ̀kan ni ìyá yóò sì fi wé ohùn ẹni tó rán an, kí a lè mọ agbolé tó ń lọ, kí ó tó dá mi lójú. Bí oòrùn ṣe ń yí lókè, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ń wà lójú ọ̀nà ọjà kan ní òdìkejì odò. N kò yára. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, mo sì ti rí ohun tí ìkánjú fi ṣe ìlú wa.

Níkẹyìn mo sọ ọ́. Mo ní, "Fún gbogbo àpótí tí olúwa rẹ̀ wà láàyè: má yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fi orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é àti orúkọ agbolé rẹ̀ kún un. Kí ó jẹ́ ní Ilé-Ọlá, kí ó sì jẹ́ ní Ahéré-Ọdẹ pẹ̀lú." Ìmọ́lẹ̀ náà ṣẹ́jú. Kò tíì ṣẹ́ ẹ tán tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí òkìtì, ọ̀kan, ogún, àìlóǹkà, wọ́n ń fò lọ sí àpótí wọn bí ẹyẹ tó ń wọ̀ sílé. Agbàṣìnà na apá rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tí yóò mú mọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ yẹn gbogbo ènìyàn ìlú wa ń yún etí káàkiri, pé àgbo dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ibà ń ṣe, pé ọmọ náà ti ń gun igi báyìí.

Èmi kò dúró gbọ́. Mo sáré gba inú ẹ̀gún, mo lúwẹ̀ẹ́ la odò tó kún já, ìbọn mi bá omi lọ, n kò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo dé ìlú àna mi, ewúrẹ́ ló ń jẹ pàǹtí lábẹ́ àwọn àtíbàbà òfìfo. Ọjà ti tú. Mo bá Àyìnkẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìyàwó rí, ẹ mọ ohun tí ìyàwó ń pe ọkọ. Obìnrin yìí, láti ọjọ́ tó ti wọ ilé mi, kò fi ẹnu rẹ̀ kan orúkọ mi rí, àní nínú ìjà.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, ẹ kú ìrìn."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. Mo sọ ohun gbogbo, òkìtì, òkúta, Eyínfúnjowó, ìdí tí ewé kò fi dé. Ó fi ara ti ìgbálẹ̀, ó gbọ́ mi dé òpin, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ọjà ti tú, òun sì ti dìde sọ níwájú gbogbo ẹbí òun lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin ìyá òun sí pé òun kò padà sílé ọkọ mọ́, kò sì sí bí òun ṣe lè gbé e mì padà. Ó bu omi fún mi mu. Ó tún pe orúkọ mi, ó ní kí n tètè máa lọ kí òjò má baà ká mi mọ́ ọ̀nà.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó ilé kan sì pè yín ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tàbí Awẹ́lẹ́wà, ẹ tètè dáhùn.